Ìbọn Ìdọdẹ Tó Ń Gbáni Jù: Rọ́bà, Bíréèkì, Sáílẹ́ńsà, Ọta Fífúyẹ́ Tàbí Ọta Àfọwọ́kì?

Ẹni tí ìbọn bá ti ń gbá lágbàjù kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣẹ́jú kí ìbọn tó dún. Èjìká á ti le sílẹ̀, ọwọ́ á fà, ọta á sì gba ibi tí a kò rán an lọ. Lórí pátákó, àṣìṣe lásán nìyẹn. Lára ẹranko, ọgbẹ́ tí kò pa á ni, yóò sì lọ jẹ̀rora sínú igbó. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún léjìká, àti àgbà ọdẹ tó ti ń yìn ín bọ̀ láti ìgbà èwe.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: nínú àlàyé yìí, ọta ni òjé tàbí bàbà tó ń jáde lẹ́nu ìbọn. Kátíríìjì ni odidi rẹ̀, ìyẹn ọta, ẹ̀tù, práímà (èyí tó ń tanná sí ẹ̀tù) àti ìkarahun idẹ tó kó wọn jọ. Ọta àfọwọ́kì ni kátíríìjì tí ẹni tó ni ìbọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kì nílé. Ọta fífúyẹ́ ni kátíríìjì tí a dín agbára rẹ̀ kù.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Àkọ́kọ́ ni iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń dín kù ní tòótọ́. Agbára tí ìbọn fi ń gbáni ṣeé ṣírò, kò sì le. Ẹ fi ìwúwo ọta ní gíréènì (7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan) lọ́po ìyára rẹ̀, ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi ìwúwo ẹ̀tù náà lọ́po ìyára yẹn, kí ẹ tún fi 1.75 lọ́po èyí tó jáde, nítorí èéfín ẹ̀tù ń yára ju ọta lọ. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ fi 7,000 pín in, kí ẹ sì fi ìwúwo ìbọn ní pọ́ùn pín èyí tó bá kù. Ìyára tí ìbọn fi ń padà wá bá èjìká nìyẹn. Ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ìwúwo ìbọn lọ́po rẹ̀, ẹ wá fi 64.4 pín in. Ohun tó jáde ni agbára ìgbáni ní ẹsẹ̀-pọ́ùn.

Fún ìbọn tó wúwo tó pọ́ùn 8 pẹ̀lú awò tí a fi ń fojú sun ẹran lórí rẹ̀, ìṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí báyìí:

| Kátíríìjì | Ọta (gíréènì) | Ìyára | Ìgbáni (ẹsẹ̀-pọ́ùn) |
|---|---|---|---|
| .30-06 | 180 | 2,700 | 22 |
| .308 | 150 | 2,800 | 16 sí 17 |
| .308 fífúyẹ́ ti ilé iṣẹ́ | 125 | 2,675 | 11 |
| .243 | 100 | 2,960 | 10 |
| .308 àfọwọ́kì fífúyẹ́ | 125 | 2,200 | 6 |
| .223 | 55 | 3,240 | 4 |

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fara da 15 láìṣe wàhálà. Tó bá ti kọjá 20, àwọn tó ń ṣẹ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹ tún wo ohun kan nínú ìṣirò yẹn: nínú .30-06, ẹ̀tù nìkan ló mú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìtì náà wá. Ìdí nìyẹn tí dídín ẹ̀tù kù fi ń ṣiṣẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, àti ìdí tí bíréèkì, tó jẹ́ pé èéfín ẹ̀tù ló ń lò, fi ń ṣiṣẹ́ rárá.

Ìkejì ni bí ọta ṣe máa pa ẹran. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun sì ni àwọn tó ń wá ìtura fún èjìká máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọta ìdọdẹ nílò ìyára bíi 1,800 sí 2,000 nígbà tó bá kan ẹranko kí orí rẹ̀ tó lè là. Bí kò bá là, á kàn lu ihò tóóró kọjá ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo, ìgbẹ́kẹ̀lé, òfin àti owó.

Rọ́bà ìdí ìbọn, gígùn ìdí ìbọn àti ìwúwo

Ibí yìí ni kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà fúnra rẹ̀ kò dín agbára kankan kù. Rọ́bà rírọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, irú ti LimbSaver tàbí Pachmayr Decelerator, ń fa ìtì náà gùn díẹ̀, ó sì ń tẹ́ ẹ sórí ibi tó fẹ̀ lára èjìká. Agbára kan náà ni, àmọ́ kò ní gún ni mọ́. Ìbọn tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin tàbí ike líle yóò dà bí ìbọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá yí i padà.

Ọ̀rọ̀ gígùn ṣòro díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ sábà máa ń ṣe ìdí ìbọn kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 sí 35 jìnnà sí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn. Fún ọmọdé tàbí ẹni kúkúrú, nǹkan bíi 32 ló bá a mu. Bí ìdí ìbọn bá gùn jù, ẹni náà á tẹ̀ sẹ́yìn, ìbọn á sì gbá a lórí eegun apá dípò ẹran èjìká. Bí ó bá kúrú jù, awò lè gé ni lójú. Rọ́bà tí a kàn ń kó bọ ìdí ìbọn bí ìbọ̀sẹ̀ ń fi gígùn kún un, nítorí náà ó dára fún ẹni gíga, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ fún ẹni kúkúrú. Nígbàkígbà tí gígùn bá yí padà, ẹ tún ibi tí awò wà tò kí ojú lè fi sẹ̀ǹtímítà 9 sí 10 jìnnà sí dígí rẹ̀.

Ìwúwo rọrùn láti ṣírò. Ìgbáni ń dín kù bí ìwúwo ìbọn bá ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fi pọ́ùn kan òjé sínú ihò ìdí ìbọn pọ́ùn 8, 22 á di nǹkan bíi 20. Ó ń ràn ni lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń rìn òkè láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ̀ pé pọ́ùn kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Fún ẹni tó ń jókòó dúró de ẹran, ó tọ́.

Nínú gbogbo ọ̀nà, èyí ló wọ́n kéré jù. Òfin kò bá a wí, ibi tí ọta ń bọ́ sí kò yí padà, ọta sì ń pa ẹran bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀.

Bíréèkì ẹnu ìbọn

Bíréèkì ni irin oníhò tí a ń yí mọ́ ẹnu ìbọn kí èéfín lè tú sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn, kó sì fa ìbọn síwájú. Èyí tó dára lè dín ìgbáni kù ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ohun mìíràn tí a so mọ́ ìbọn tó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Etí ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ìbọn ìdọdẹ tí kò ní bíréèkì ti ń dún ní nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 160, bẹ́ẹ̀ ni ariwo òjijì tó kọjá 140 lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bíréèkì ń ju ariwo yẹn padà sí ẹni tó yìn ín, ó sì burú jù fún ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi ìdánrawò, ẹ lo èdídí etí àti ìbòtí papọ̀. Nínú igbó, níbi tí ọdẹ ti fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹran, ọ̀pọ̀ kì í fi nǹkan kan dí etí, ibẹ̀ sì ni etí ti ń bàjẹ́. N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo bíréèkì fún ìdọdẹ àjùmọ̀ṣe tàbí pẹ̀lú ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé bíréèkì àti ọta fífúyẹ́ kì í ran ara wọn lọ́wọ́ púpọ̀. Èéfín ló ń fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti dín ẹ̀tù kù, iṣẹ́ tí yóò rí ṣe náà ti dín kù.

Sáílẹ́ńsà

Bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á, sáílẹ́ńsà, irin tó ń dín ariwo ìbọn kù, ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí a ń so mọ́ ẹnu ìbọn. Ìgbáni tó ń dín kù kò tó ti bíréèkì, nǹkan bíi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ariwo náà ń wálẹ̀ ní dẹ̀síbẹ̀lì 20 sí 30. Apá ńlá lára ohun tó ń mú ènìyàn ṣẹ́jú ni ariwo, kì í ṣe ìtì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á fi ara balẹ̀ lọ́nà tí kò ṣeé rà pẹ̀lú rọ́bà nìkan. Etí ṣì nílò ìdáàbòbò níbi ìdánrawò.

Ó ń fi ìwúwo gíráàmù 300 sí 600 kún iwájú ìbọn, ó sì ń mú un gùn, èyí tó ń dí ni lọ́wọ́ nínú igbó dídí. Òfin ni ìdíwọ̀n ńlá. Ní Norway, ohun ìdọdẹ lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ti 1934 ló ń ṣàkóso rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì fòfin dè é pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Bíréèkì tàbí sáílẹ́ńsà, ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ ní ìrẹ́ ìyíbọ̀ tó tọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó gé e, kó sì ki ọ̀pá tààrà sínú ìbọn láti rí i pé ihò wọn bára mu kí a tó yìn ín. Bí wọn kò bá bára mu, ọta á ha irin náà, ó lè fà á já.

Kátíríìjì fífúyẹ́ ti ilé iṣẹ́

Hornady Custom Lite àti Remington Managed-Recoil ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ilé iṣẹ́ mú ọta tó fúyẹ́, wọ́n dín ìyára rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n sì yan ọta tó máa là ní ìyára yẹn. .308 ti Custom Lite ń lo ọta gíréènì 125 ní 2,675. Nínú ìṣirò wa, ìyẹn mú .308 wálẹ̀ dé ipò .243.

Ẹ kò ní kọ́ nǹkan kan. Ẹ ra á, ẹ tún awò tò sí i, nítorí kò ní bọ́ síbi tí kátíríìjì alágbára ń bọ́ sí, kí ẹ sì lọ sígbó. Ó ń pa ẹran dáadáa dé ibi tí ìyára rẹ̀ ṣì wà lókè 1,900. Àbùkù rẹ̀ ni owó, pàápàá fún ẹni tó ń yìn púpọ̀, àti pé kálíbà (irú àti ìwọ̀n kátíríìjì tí ìbọn ń gbà) tó ní in kò pọ̀. Ẹni tó ní 7x57 tàbí .303 lè wá a títí kó má rí i.

Ọta àfọwọ́kì fífúyẹ́

Òun nìkan ló lè mú ìbọn alágbára wálẹ̀ dé bí .223 tàbí sún mọ́ ọn. Òun náà nìkan ló lè fọ́ ìbọn mọ́ ènìyàn lójú bí a kò bá tẹ̀ lé ìlànà. Ní ibi tí òfin kò bá gba aráàlú láyè láti kì kátíríìjì, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Èrò tó ń pa ènìyàn ni pé bí ẹ̀tù bá ti kéré, ewu náà ti kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí a ṣe fún kátíríìjì ńlá, nílò kí ìkarahun fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó lè jó dáadáa. Bí a bá dín in kù ju iye tí ìwé ìlànà kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ó lè pẹ́ kó tó dún, ó sì lè bú gbàmù pẹ̀lú agbára tó ju ti kátíríìjì kíkún lọ. Nítorí náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀tù èyíkéyìí kí ẹ sì dín in kù bó ṣe wù yín.

Ẹ̀tù tó yọ̀ǹda fún èyí ni H4895. Hodgdon tó ń tà á ló fi ìlànà ìdá 60 léde: ẹ wo iye H4895 tó ga jù tí ìwé wọn kọ fún kálíbà àti ọta yín, ẹ fi 0.6 lọ́po rẹ̀. Bí ìwé bá kọ gíréènì 46, 27.6 nìyẹn, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlànà yìí kò kan kátíríìjì tí wọn kò kọ H4895 sí. IMR 4895 jọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ ẹ̀tù mìíràn ni, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà méjì mìíràn wà, mo sì gbà pé ìdánrawò nìkan ni kí a fi wọ́n sí. Trail Boss jẹ́ ẹ̀tù oníhò láàárín tó ń gba àyè púpọ̀ nínú ìkarahun, nítorí náà ó ṣòro láti kì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ á ga lójijì. Ìyára rẹ̀ kéré jù fún ẹran ńlá. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ tó ń jó kíákíá ni ìkejì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń lò, kò sì gba àyè, nítorí náà ìlọ́po méjì lè wọ inú ìkarahun kan láìhàn sóde. Ìlọ́po méjì yẹn ń fọ́ ìbọn.

Ohun èlò tí ẹ nílò ni ẹ̀rọ ìtẹ̀, dáì kálíbà yín (irin tó ń tẹ ìkarahun padà sí ìwọ̀n), òṣùwọ̀n tó ń wọn ìdá mẹ́wàá gíréènì pẹ̀lú òkúta ìdánwò rẹ̀, kálípà tí a fi ń wọn gígùn, ohun ìgé ìkarahun, pátákó oníhò tí a ń to ìkarahun sí, àti ìwé ìlànà tuntun. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára ọta kún un. Láìsí i, ẹ kò mọ ohun tí ẹ kì.

Iṣẹ́ náà ń lọ báyìí. Ẹ yẹ ìkarahun wò fún sísán, ẹ kun òróró rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ gé e sí gígùn tí ìwé kọ. Ẹ fi práímà tí ìwé dárúkọ sí i. Igò ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Ẹ wọn ẹ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dà á, ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí pátákó. Kí ọta kankan tó wọlé, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo bóyá gbogbo rẹ̀ ga dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju ìyókù lọ tàbí ó lọ sílẹ̀, ẹ dà á padà, kí ẹ tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó fi ọta jókòó sí gígùn tí ìwé sọ. Ẹ má fi òwú tàbí fóòmù dí àyè tó ṣófo. Ó lè ba inú ìbọn jẹ́.

Márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ kì, kí ẹ wọn ìyára wọn. Ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè kí ẹ tó yìn ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ kí ẹ tó yìn ìkejì, kí ọ̀nà tó kọjú sí ṣì wà láìléwu ní gbogbo ìgbà. Bí ìyára méjèèjì bá jìnnà síra, ibi tí ẹ̀tù sùn sí nínú ìkarahun ló ń darí rẹ̀, kátíríìjì yẹn kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi ẹ̀tù kún un díẹ̀ láàárín ohun tí ìwé gbà.

Ohun tí ẹ máa rí tó ń sọ pé nǹkan kò lọ dáadáa: èérí dúdú lára ìkarahun, tó túmọ̀ sí pé agbára kò tó láti fẹ̀ ẹ́ dí ihò ìbọn, àti práímà tó yọrí díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí èjìká ìkarahun ti wọlé. Ẹ fi àmì sára ìkarahun tí ẹ ń lò fún ọta fífúyẹ́, ẹ má sì fi wọ́n kì kátíríìjì kíkún mọ́. Èyí tó burú jù ni ìró rírọ̀, bíi pé ìbọn kàn mí èémí. Ẹ dúró. Ẹ yọ ìbọn kúrò lójú, ẹ ṣí bóòtù (irin tí a ń fà sẹ́yìn láti ṣí ìbọn), ẹ fi ọ̀pá wò bóyá ọta há sínú rẹ̀. Bí ẹ bá yìn òmíràn lé e, ọ̀pá ìbọn á bú.

Ní ti ẹran, ẹ yan ọta tí a ṣe fún ìyára kékeré. Ọta olórí pẹlẹbẹ ti .30-30, gíréènì 150 tàbí 170, ń là dáadáa nínú .308 tàbí .30-06 tí a dín kù. Ọta bàbà lódindi sábà máa ń fẹ́ ìyára tó ga, ẹ fi í sílẹ̀. Ọta gíréènì 125 tó jáde ní 2,200 ń pàdánù bíi 200 sí 250 nínú ìyára rẹ̀ láàárín yáàdì 100 àkọ́kọ́, nítorí náà yáàdì 100 sí 150 ni òpin rẹ̀. Ẹran tó bá dúró jìnnà jù ìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ìbọn tó ń fi èéfín tún ara rẹ̀ kì kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọta fífúyẹ́. Ti oníbóòtù, ti onílẹ́fà tí a ń fi ọwọ́ fa irin abẹ́ rẹ̀ láti kì í, àti ti ẹlẹ́yọ kan ló bá a lọ. Nínú ìbọn tó ń to kátíríìjì sínú túùbù gígùn lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹ má lo ọta olórí ṣóṣóró líle, torí orí ọ̀kan lè gún práímà èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo

Gbogbo ènìyàn ni kó kọ́kọ́ tún ìdí ìbọn ṣe, kó fi rọ́bà sí i, kó sì dí etí. Bí ìyẹn bá tó, ẹ má ra nǹkan mìíràn.

Ẹni tó ń yìn kátíríìjì ogún sí ogójì lọ́dún, tí kálíbà rẹ̀ sì wọ́pọ̀, kó ra ti ilé iṣẹ́. Kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ fún àpótí méjì.

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ tàbí ìyàwó ní ìbọn, tí wọ́n máa yìn púpọ̀ kí ọwọ́ wọn tó mọ́ra, ọta àfọwọ́kì H4895 ló dára jù fún un, bí ó bá ní sùúrù tí òfin sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí kálíbà rẹ̀ kò ní èyí tó fúyẹ́ lọ́jà. Ẹni tó bá ń kánjú, tó ń mu ọtí nídìí tábìlì, tàbí tó ń kì í níbi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, kó má sún mọ́ ọn.

Ẹni tó ń dọdẹ ẹran ńlá níbi jíjìn pẹ̀lú kálíbà alágbára kò lè dín ìyára ọta kù, nítorí náà sáílẹ́ńsà ni tirẹ̀. Níbi tí òfin kò bá gbà á, kó lo bíréèkì, kó máa yìn ní òun nìkan, kó sì máa fi nǹkan dí etí nígbà gbogbo.

Àmọ́ bí ẹ kò bá tíì ra ìbọn, tí èjìká yín kò sì gbà, ẹ ra .243 tàbí 7mm-08 tó wúwo díẹ̀, bí òfin ìdọdẹ yín bá gba kálíbà náà fún ẹran tí ẹ ń wá. Owó tí yóò ná yín kò ní tó ti kí ẹ ra ìbọn ńlá kí ẹ tó máa wá ohun tí yóò tù ú lójú.